Ẹyọ Kan Tó Lé Lórí Mílíọ̀nù

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Veronica ìyàwó rẹ̀ ni àdúrà ti ń há Tíṣà Sylvanus lọ́fun bí eegun ẹja. Katikíìsì tó ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ní ìjọ Kátólíìkì ni, ó sì ti fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní ìṣirò ní Ìpelé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó lásán. Ló bá fi nọ́ńbà kan pààrọ̀ rosárì: mílíọ̀nù kan ó lé ẹyọ kan.

Ó fi méjì pín in, kò pín. Ó fi méje pín in, kò pín. Ìwé mẹ́ta kún fọ́fọ́. Nígbà tó fi mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún dán an wò tí nọ́ńbà ọ̀hún ṣì kọ̀, ó ju bíírò sílẹ̀. Ó ní ohun tí kò bá ti pín títí dé ọgọ́rùn-ún, kò tún pín mọ́ láyé. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló ṣe irú rẹ̀ ni, ì bá nà án jáde ní kíláàsì.

"Bí Ọlọ́run ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyí," ló sọ fáwọn ọmọ tó ń kọ́ ní katikísímù. "Mẹ́ta ni Wọ́n, àmọ́ ẹ fi mẹ́ta pín In wò, ẹ ó rí i!"

Fadá ti gbà á láyè kó wá sọ ọ́ fún gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Àìkú Mẹ́talọ́kan. Ṣùgbọ́n nínú ikùn rẹ̀, ó ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú: bí nọ́ńbà yìí bá dúró, òun náà á dúró. Bí ó bá wó, kí Ọlọ́run wá katikíìsì mìíràn.

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, ó yà lọ́dọ̀ Zakariyah tó ń sín tẹ̀sùbáà tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ọ̀wọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà rẹ̀ tí kò ṣeé pín fọ́nnu.

"Tíṣà, ẹ ní sùúrù ná." Abẹ́rẹ́ ṣì wà lẹ́nu Zakariyah. "Ọgọ́rùn-ún ìlẹ̀kẹ̀ ni mo máa ń sín sórí okùn kan, màá wá fi ẹyọ kan ṣe olórí wọn. Tẹ́ ẹ bá kó ẹgbàárùn-ún ìlẹ̀kẹ̀ fún mi, tẹ̀sùbáà mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún ló máa jáde, ẹyọ kan á ṣẹ́ kù."

"Ẹn-ẹ́n?"

"Ẹgbàárùn-ún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ni mílíọ̀nù. Àwọn ẹyọ kan tó ń ṣẹ́ kù yẹn á di ọgọ́rùn-ún. Ẹyọ tiyín tẹ́ ẹ fi lé e, òun la ó fi ṣe olórí. Ó tán! Ìlẹ̀kẹ̀ kankan ò já bọ́."

Tíṣà já bébà kan gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún pín in. Ó pín bí ẹni gé ọṣẹ.

"Ẹ má bínú o, Tíṣà. Ọlọ́run yín ti di tẹ̀sùbáà ẹgbàárùn-ún ó dín mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Àlùhámúdù!"

"Orí ẹ ò pé," ni Sylvanus wí, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó dìde níwájú ìjọ. "Mo sọ fáwọn ọmọ yín pé nọ́ńbà kan wà tí kò ṣeé pín. Irọ́ ni mo pa. Zakariyah onítẹ̀sùbáà pín in kó tó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ọlọ́run ò bẹ̀ mí níṣẹ́ agbẹjọ́rò. Kó máa gbèjà ara Rẹ̀."

Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Fadá fọwọ́ bojú.

Ó délé, ó gbé bébà kó kọ̀wé fi iṣẹ́ katikíìsì sílẹ̀, nítorí májẹ̀mú ni májẹ̀mú. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ẹyọ kan tó ti ń rò pé òun ló ń ṣorí kunkun nínú nọ́ńbà yẹn, òun gan-an ló mú kí okùn pé.

Ó na ọwọ́ mú rosárì Veronica níbi tó gbé e kọ́ sí. Kò dá a lójú pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́. Ó di ìlẹ̀kẹ̀ àkọ́kọ́ mú, ó ní òun ò ní ju èyí sílẹ̀ kóun tó dé ìdí rẹ̀.