Kásẹ́ẹ̀tì Alágbárí

Gìtá kan ń han nínú yàrá ọmọbìnrin mi lánàá bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń la pákó. Mo ti dìde láti gba fóònù tó fi ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó rántí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Òkè-Ìlá.

Àbúrò màmá mi, Bọ̀dá Dèjì, ní kásẹ́ẹ̀tì àwọn òyìnbó onígìtá líle kan. Agbárí òkú ló wà lára páálí rẹ̀. Bọ̀dá mọ ìtàn wọn dórí iye igi ìlù tí onílù wọn máa ń ṣẹ́ lójú agbo kan. Lọ́sàn-án náà, màmá mi fi etí ìró di kásẹ́ẹ̀tì náà mú, ó gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, níbi tí iná pàǹtí ti ń rú èéfín.

"Agbárí nínú ilé mi!"

Bọ̀dá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́! Inú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹni tó ń kọrin yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń tẹ dùùrù."

Màmá, tí òun náà jẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, dúró. "Dùùrù? Gbé rédíò wá kí n gbọ́."

Orin bú jáde. Màmá dijú, ó tẹ́tí títí.

"Ohùn ọmọ yìí ti há," ó ní. "Ta ló ń tọ́jú ẹ̀ níbẹ̀?"

Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó kà á pé alápatà ni bàbá akọrin náà, kò sì fọwọ́ kan dùùrù rí.

Màmá ju páálí alágbárí síná, ó dá kásẹ́ẹ̀tì padà. Ó wá tú báàgì tó máa ń gbé lọ síbi ìdánrawò orin, ó mú orógbó méjì jáde, irú èyí tí àwọn akọrin ń jẹ kí ohùn wọn lè là.

"Ìwọ tí o mọ bàbá rẹ̀," ó ní, "bá mi fi eléyìí ránṣẹ́ sọ́mọ náà."