Ọgọ́ta Ìwé Ìbéèrè Mojísọ́lá

Lọ́dún 1994, kò sí ẹni tí kò gbọ́ ní Inísà pé Mojísọ́lá ọmọ Ọláníyan aránṣọ wà ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ló ń pariwo rẹ̀. Ó sọ fún ẹni tó wá gba ṣòkòtò, ó sọ fún ẹni tó kàn ń béèrè ọ̀nà. Wọ́n ní ewúrẹ́ àdúgbò pàápàá ti mọ̀ ọ́n.

"Kí ló tiẹ̀ ń kọ́?" aládùúgbò kan bèèrè.

"Ìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀."

"Ọ̀rọ̀ sísọ! Ọláníyan, èyí tí ọmọ mi ọlọ́dún méjì ń ṣe láìdé iléèwé?"

Mojísọ́lá bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ta á lára. Ọdún àṣekágbá rẹ̀ nìyẹn. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó lọ wádìí bí ìròyìn ṣe ń dé etí àwọn àgbẹ̀. Ọgọ́ta ìwé ìbéèrè ni wọ́n kó fún un, ọ̀kan fún àgbẹ̀ kan. Bí kò bá gba ìdáhùn sí gbogbo wọn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè.

Òkukù ló kọ́kọ́ lọ, sọ́dọ̀ Bàbá Tímótì, àgbà àgbẹ̀ tí irùngbọ̀n rẹ̀ funfun bí ẹni tó gbin òwú ságbọ̀n. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó ṣí ìwé.

"Bàbá, ọmọ mélòó lẹ bí?"

Bàbá yọ pákò lẹ́nu. "Ta ló ní kó o wá ka ọmọ mi?"

"Ìwé ló bèèrè, sà."

"Sọ fún ìwé pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ṣé iṣu ni wọ́n ni? Dìde, máa lọ, kí n tó gbàgbé pé mo lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Ní Igbayè, bákan náà. Ní Ìkìrun, ìyá kan kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba àdúrà kíkankíkan bí ẹni tó rí àkúdàáyà. Ọjọ́ mẹ́ta ti lọ, ọgọ́ta ìwé ṣì ṣófo.

Lọ́jọ́ kẹrin, ó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ojú ara rẹ̀ tì í. Ṣebí ìyá tó bí òun náà kò ka ọmọ rí? Ìwé ló mú un gbàgbé ẹ̀kọ́ tó gbé kúrò nílé. Ó mú bírò, ó fagi lé ìbéèrè àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọgọ́ta, ó padà sí Òkukù. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣí ìwé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Òjò ti rọ̀ sóko yín?"

Hà! Bí ẹni ṣí omi ẹ̀rọ ni. Bàbá sọ ti òjò, ó sọ ti rédíò tí bàtìrì rẹ̀ ti kú, ó ní ẹnu awakọ̀ tó ń kó iṣu lòun ti ń gbọ́ ìròyìn. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dárúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í. Mojísọ́lá kò kà wọ́n.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ yòókù; kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọgọ́ta ìwé ti kún dé etí.

Olùkọ́ yẹ̀ wọ́n wò, ó fajú ro. "Ta ló ní kó o fagi lé ìbéèrè mi?"

"Èmi ni, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ká mọ ẹni tá à ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ kì í ka ọmọ."

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún títí.

"Lọ kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ iṣẹ́ rẹ," ó ní. "Bó o ṣe sọ ọ́ yẹn gan-an. Mo ti gbà á."

Mojísọ́lá kí i, ó jáde, ó ń rìn bí ẹni pé òun ló kọ́ yunifásítì náà.