Ta Ló Bu Iyán fún Ọkọ Mi?

Ẹ má pe èyí ní àlọ́ o. Ilé tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ yín lè gbé yín débẹ̀: ilé ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkọ̀lé, ilé kọnkéré oníhò tó wà lẹ́yìn pápá. Ojú mi méjèèjì ló rí i, ọ̀sán gangan ni, n kò sùn, ara mi ò gbóná.

Òjòwú obìnrin ni mí. N kò fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ẹ wá wo tèmi, egungun nìkan ló kù níbẹ̀.

Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ẹnjiníà ni ọkọ mi, Bàbá Tólú, ọmọ ìlú Òmù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ló gbé iṣẹ́ àtúnṣe ilé ìkàwé yẹn fún un, torí òrùlé òkè rẹ̀ ti sán, irin inú rẹ̀ sì ti ń yọjú síta. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Mo ní a ó jọ máa lọ síbi iṣẹ́, a ó jọ máa bọ̀. N kò mọ̀ pé orogún ni wọ́n ń mú wá bá mi.

Ẹ wá gbọ́ bí ọkọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀ ilé náà nídìí oúnjẹ.

"Ìyá Tólú, òpó ló gbé ilé yẹn. Ògiri ò gbé nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè dá ihò sí i lára látòkè délẹ̀. Òpó ń ru ẹrù, ògiri ń mí."

Ó ní ẹni tó ya àwòrán ilé náà, tó ti kú tipẹ́, mọ oòrùn bí ẹni mọ ará ilé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tó kúrú ló kọjú sí ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà ríbi gbòòrò nà. Ó fi kọnkéré pẹlẹbẹ ṣíji bo ojú fèrèsé, bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ bo iwájú orí. Òrùlé méjì ló ṣe, ọ̀kan lórí ìkejì, ó wá fi àlàfo sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ máa gbà á kọjá, kó sì máa gbé ooru lọ. Lóòótọ́ ni o. Nígbà ẹ̀rùn, tí páànù kíláàsì mi bá ń sè wá bí ẹ̀wà, ẹni tó bá wọ ilé ìkàwé yẹn á máa wá nǹkan fi bo èjìká.

Ṣùgbọ́n ọkọ mi a máa fi ọwọ́ pa òpó yẹn lára. Mo rí i. Jẹ́jẹ́, látòkè wá sísàlẹ̀. Mi ò rántí ìgbà tó pa èmi lára bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo yọjú lójú fèrèsé kíláàsì mi. Mo gba inú ihò ògiri ilé ìkàwé rí ọkọ mi, ó dá dúró sínú ilé náà, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń nawọ́ sókè. Ẹ gbà mí gbọ́, aṣọ èlú kan, aláró dúdú, kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọjá nínú ihò kan, ó yọ nínú ìkejì, ó tún yọ nínú ìkẹta, bí ẹni tí kò kánjú lọ síbì kan. Obìnrin ni. Ìdí obìnrin kì í farasin fún obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí a délé, mo bi í pé, "Ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án?"

"Ara mi ni. Mo ń ṣírò ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà."

"Afẹ́fẹ́ náà ti ń ró ìró èlú báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dá kún un. Òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin ò dénú. Irọ́ ni gbogbo wa ń pa tá a bá ní ó dénú. Mi ò sùn mọ́jú ọjọ́ náà.

Ọjọ́ dẹ́kìn wá dé, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da kọnkéré òrùlé òkè. Ẹni tó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé wọn kì í dá dẹ́kìn dúró láàárín. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀, ó di ìgbà tó bá parí. Bí wọ́n bá dúró kí apá kan gbẹ ṣáájú ìkejì, ibẹ̀ ni òjò máa gbà wọlé. Nítorí náà, oúnjẹ ló máa ń wá bá wọn níbẹ̀. Mo se ìrẹsì fún àwọn lébìrà. Ti ọkọ mi lọ́tọ̀: èmi fúnra mi ni mo gún iyán rẹ̀, mo fi ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tì í, mo kó gbogbo rẹ̀ sínú kúlà kékeré. Ọmọ ìlú Orin ni mí. Tí ohun gbogbo bá bọ́ lọ́wọ́ mi, iyán mi ò ní bọ́.

Mo gbé kúlà náà dé ẹ̀gbẹ́ ilé. Ọkọ mi wà nínú ilé lábẹ́ pákó tí wọ́n fi gbé òrùlé ró, ó ń wo òkè. Obìnrin aláṣọ èlú náà wà lẹ́yìn rẹ̀! Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i létí. Ọkọ mi sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo ní nínú ọkàn mi pé kí obìnrin náà lọ gún iyán tirẹ̀. Mo yí padà pẹ̀lú kúlà mi, ó di ilé.

Ọ̀gá Ìdòwú, olórí àwọn bíríkìlà, rí mi láti òkè. Ó fẹ̀gbẹ́ ọwọ́ nu òógùn. "Ìyàwó, níbo lẹ̀ ń gbé un re? Oúnjẹ dẹ́kìn kì í padà re ulé o."

"Tèmi á padà," ni mo dá a lóhùn.

Mo gba ẹ̀yìn ilé kí ọkọ mi má baà rí omijé lójú mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan wà níbẹ̀, lábẹ́ ògiri oníhò, tí oòrùn ọ̀sán máa ń gba inú ihò wọlé, tí á ya àmì róbótó-róbótó sílẹ̀. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ níbẹ̀. Bó ṣe kúrò lẹ́yìn ọkọ mi tó débẹ̀ ṣáájú mi, mi ò mọ̀. Ìró èlú tó ti ṣá ló ró, abọ́ tánganran tí wọ́n fi aṣọ bò wà lórí itan rẹ̀. Mo fẹ́ la ẹnu bú u.

Ìgbà náà ni mo wo ilẹ̀. Àmì oòrùn yẹn tò sílẹ̀ láti ibi ẹsẹ̀ mi, ó gba ibi tó jókòó kọjá, ó lọ dé ògiri. Kò sí èyí tó fọ́. Kò sí òjìji kankan láàárín wọn. Oòrùn ń rí ilẹ̀ bí ẹni pé kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀.

Orí mi wú. Afẹ́fẹ́ tí kì í dá nínú ilé yẹn dá wáí.

Ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju èémí lọ. "Mọ́ gbé e re ulé. Èmi gbé e re ulé rí."

Mi ò mọ bí kúlà ṣe kúrò lọ́wọ́ mi. Mo sá. Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n má sáré lójú ọ̀nà, mo sáré dé yàrá àwọn olùkọ́ láìsí bàtà.

Nígbà tí mo fi máa lè padà, dẹ́kìn ti parí, àwọn lébìrà ń fọ ọwọ́. Kúlà mi wà lórí àtẹ̀gùn iwájú ilé. Wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀.

Ọkọ mi rí mi, ojú rẹ̀ ń dán. "Ìyá Tólú, o ṣé o. Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọ, n kò jẹ irú iyán yẹn rí."

Mo bi í pé, "Ta ló bù ú fún yín?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ìwọ náà ni. O kúnlẹ̀, o bu omi kí n fi ṣan ọwọ́, o ò sọ̀rọ̀. Mo tiẹ̀ ń rò ó níbo lo ti pààrọ̀ aṣọ, tó o ró ìró èlú."

Síkẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ ló wà nídìí mi láti àárọ̀.

Ọ̀gá Ìdòwú ló wá fà mí sẹ́yìn. Ó ní bàbá òun ru kọnkéré nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà. Ìyàwó ẹni tó ya àwòrán rẹ̀ gbé iyán wá lọ́jọ́ dẹ́kìn. Ọkọ ò gbójú kúrò lára òrùlé kó kí i. Ni obìnrin náà bá fi ìbínú gbé iyán rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà, ọkọ ò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Ibi ilé yẹn ló ń jẹ, ibẹ̀ ló ń sùn, obìnrin náà sì ń retí rẹ̀ títí tó fi kú. Ọ̀gá Ìdòwú rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Mo mà sọ fún yín."

Ẹ bá mi rò ó. Ṣé àánú mi ló ṣe aláṣọ èlú náà tó fi kìlọ̀ fún mi, àbí ọgbọ́n ló fi gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi? Mo rò ó títí, mi ò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí mo mọ̀ ni pé iṣẹ́ ti parí, ọkọ mi ò yé lọ síbẹ̀. Ó ní òun ń lọ wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn. Tí mo bá gún iyán, á tọ́ ọ wò, á gbé e sílẹ̀. Ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ọjọ́ yẹn. Èmi, ọmọ Orin! Ẹ má bínú sí mi, bó bá jẹ́ alààyè obìnrin ni, ǹ bá ti lọ bá a nílé rẹ̀. Ẹni tó ti kú, ilé ta ni n ó lọ?

Lánàá, ó wọlé lọ́sàn-án, mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Ó ní òun ti yó. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bu omi sí i ni.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ fi ọwọ́ ara yín bu oúnjẹ ọkọ yín, bó ti wù kí inú bí yín tó. Bí ẹ bá sì wọ ilé kan lọ́sàn-án ẹ̀rùn tí ó tutù jù, ẹ má tètè yin ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnì kan ló ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, tó ń retí ọkọ.