Ilé Ooru tí Àwọn Káfíńtà Kọ́

Obìnrin kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Ìṣó. Kì í ṣe pé ó ń ta ìṣó o. Ẹnu ló máa ń kó o sí tó bá ń ṣiṣẹ́, mẹ́fà, méje lẹ́ẹ̀kan náà, á wá máa yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kí i lásìkò yẹn, orí ló máa fi dá a lóhùn.

Ọkọ rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ káfíńtà. Nígbà tí ọkọ náà kú, àwọn ẹbí rò pé yóò ta ayùn àti ìfági, kó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ fárígá.

"Ta lẹ fẹ́ tà á fún?" ló bi wọ́n. "Ìyàwó mi mọ̀ ọ́n lò ju ẹni tó fẹ́ rà á lọ."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá àgbà gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi òòlù kékeré tọ́ àwọn ìṣó tó ti tẹ̀, tó sì ń bá gbogbo ẹni tó ń kọjá jiyàn.

Ohun tí Ìyá Ìṣó ń kàn jù ni pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àtẹ́ pákó tí wọ́n ń to àpótí ẹrù lé lórí, kí ẹ̀rọ agbẹ́rù lè ki ọwọ́ irin rẹ̀ bọ abẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́bàá títì tó ń sá ata ilẹ̀, tó sì ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun. Káfíńtà mẹ́jọ ló ń kan pálẹ́ẹ̀tì fún wọn, òun nìkan sì ni obìnrin àárín wọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Ó-Ti-Tán, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tó máa sọ tí kò ní fi "ó ti tán" kádìí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ìyá Ìṣó kó ogún pálẹ́ẹ̀tì dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní kó máa kó igi rẹ̀ padà sílé. Ìyá Ìṣó kọ́kọ́ rò pé ó ń bá òun ṣeré ni. Nígbà tó rí i pé ojú ẹ̀ṣọ́ le, ó jókòó sórí ẹrù rẹ̀ títí máníjà fi jáde.

"Màmá, ẹ má bínú," ni máníjà wí. "Wọ́n dá ẹrù wa padà. Odindi kọ̀ǹténà kan."

"Ata ilẹ̀ ló bàjẹ́ ni?"

"Ata ilẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Igi ni. Wọ́n rí kòkòrò ajẹgi nínú pálẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n kó má lọ ba igbó tiwọn jẹ́. Oníke la ó máa rà báyìí, láti òkèèrè."

"Àwa ńkọ́?"

Máníjà wo bàtà ara rẹ̀.

Nígbà tó padà dé ṣọ́ọ̀bù, Ìyá Ìṣó la pákó kan sí méjì. Ihò tíntìntín kan wà láàárín rẹ̀, ìdin funfun kan sì wà nínú ihò náà, ó ń yí ara rẹ̀. Ó wò ó títí. Láti gbogbo ọdún yìí wá, kò rò ó rí pé òun ń bá kòkòrò dí ẹrù lọ sílẹ̀ onílẹ̀. Ojú tì í, inú sì tún bí i pé kò sẹ́ni tó sọ fún òun.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń yẹ igi wò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló bá nídìí tábìlì, ó fi bírò há irun. Ó dìde, ó fún un ní ìjókòó, ó sì ṣàlàyé fún un láìfi ojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kó igi sí yàrá gbígbóná títí inú rẹ̀ lọ́hùn-ún yóò fi dé dígírì mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, kó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá yege, wọ́n á fún un ní òǹtẹ̀. Igi tó bá ní òǹtẹ̀ yìí lára, kò síbi tí kò lè dé.

"Ṣé ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ni?" ni Ìyá Ìṣó béèrè. "Káfíńtà ẹ̀bá ọ̀nà ńkọ́?"

"Ìwé ò bi wá pé ta lẹ jẹ́, Mà. Bí ooru ṣe tó ló ń bi wá. Àti pé àwọn oníbàárà ti ń béèrè ibi tí wọ́n ti gé igi. Igi tí wọ́n gbìn, tí wọ́n ń gbin òmíràn dípò rẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ lò."

Ìyá Ìṣó pe àwọn káfíńtà yòókù jọ. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ bú sí.

"A fẹ́ máa se igi?" ni Ó-Ti-Tán wí. "Ẹ jẹ́ ká kúkú fi iyọ̀ sí i! Ó ti tán."

"Ẹ rẹ́rìn-ín, bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín dáadáa," ni Ìyá Ìṣó dáhùn. "Tẹ́ ẹ bá rín in tán, ẹ sọ ẹni tó fẹ́ ra pálẹ́ẹ̀tì yín fún mi."

 Káfíńtà méjì ní àwọn ò lè ṣe wàhálà yẹn, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn kíkàn. Àwọn mẹ́fà tó kù pawọ́ pọ̀. Ẹnìkan mú búlọ́ọ̀kù wá, ẹnìkan mú páànù, Ó-Ti-Tán sì lọ tú ilẹ̀kùn irin ilé búrẹ́dì kan tó ti kógbá wọlé. Ìyẹ̀ pákó àti ègé igi tí wọ́n máa ń dáná sun lẹ́bàá títì, tí èéfín rẹ̀ ń mú gbogbo àdúgbò wúkọ́, ló wá di ohun ìdáná wọn.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Ọ̀dọ́bìnrin náà lu ihò sínú igi tó nípọn jù, ó ki wáyà ẹ̀rọ tó ń wọn ooru bọ̀ ọ́. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ooru wà ní mọ́kàndínláàádọ́ta. Wọ́n ko iná, wọ́n ko iná, ó dé àádọ́ta, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dè mọ́lẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin náà ti báàgì rẹ̀ pa.

"Ẹ má bínú. Kò yege."

"Ó ti..." ni Ó-Ti-Tán bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kó parí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n tún dáná, wọ́n ń wá ibi tí ooru ń gbà jáde. Wọ́n yẹ òrùlé wò, wọ́n yẹ abẹ́ ilẹ̀kùn wò, wọn ò rí nǹkan kan. Ìyá àgbà ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sẹ́yìn ilé ooru, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dijú.

"Mọ̀ọ́mi, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀?" ni Ìyá Ìṣó bi í.

"Fi mí sílẹ̀, ìyàwó. Ògiri yìí ń jó ẹ̀yìn mi wọ́ọ́rọ́wọ́, gbogbo ibi tó ń dùn mí ló ti fúyẹ́."

Ìyá Ìṣó dúró sójú kan. Ó fọwọ́ kan ògiri, ó tètè fà á kúrò. Ògiri ni gbogbo ooru wọn ń bá lọ! Wọ́n mọ ògiri kejì yí ti àkọ́kọ́ ká, wọ́n sì ki amọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ̀ pákó pò sí àárín méjèèjì. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìyá àgbà fi bínú.

"Ògiri ti tutù bí imú ajá," ló ń wí. "Ẹ ti gba dókítà mi lọ́wọ́ mi."

Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà padà wá, kò tíì di ọ̀sán tí ooru fi dé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta, ó sì tún kọjá díẹ̀. Ó wo aago rẹ̀. Fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, gbogbo wọn tẹjú mọ́ ẹ̀rọ náà. Ìyá Ìṣó kó ìṣó sẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni kò sí pákó kankan níwájú rẹ̀. Ìgbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ́rìn-ín, tó ní wọ́n ti yege, ni Ó-Ti-Tán jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì.

Máníjà gbọ́, ó wá fúnra rẹ̀. Ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rajà, ṣùgbọ́n orúkọ Ìyá Ìṣó nìkan ni kí wọ́n kọ sórí ìwé, kó lè rọrùn.

"Ọ̀gá, àwa mẹ́fà la kọ́ ilé yẹn," ni Ìyá Ìṣó wí. "Orúkọ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ. Tí kò bá rọrùn, á rọrùn tó bá yá."

Ẹnu kò tètè kò láàárín àwọn fúnra wọn. Ó-Ti-Tán ní oníbàárà kan tó ń gbé igi inú igbó, tí ẹnikẹ́ni ò gbìn, wá tà fún un lọ́pọ̀, kò sì fẹ́ já a jù sílẹ̀. Wọ́n jà sí i títí ohùn fi há. Nígbẹ̀yìn, ó gbà láti fi igi náà kan bẹ́ńṣì, kó má ṣe wọnú ilé ooru. Kò dùn mọ́ Ìyá Ìṣó nínú, àmọ́ ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìdajì ohun tí ilé iṣẹ́ náà ń rà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rà. Oníke ni ìdajì yòókù. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ àti àwọn tó ń sá èso fi gbọ́, tí àwọn náà ń kó igi wá. Obìnrin mẹ́ta ti wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ìyá Ìṣó báyìí, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ adití, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti àwọn tó ń gbọ́ràn lọ.

Lẹ́yìn oṣù méjì, fóònù dún. Máníjà ni.

"Màmá, ẹrù ti gúnlẹ̀. Wọ́n yẹ igi wò, wọn ò rí nǹkan kan."

"A dúpẹ́," ni Ìyá Ìṣó wí.

"Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí ẹsẹ̀ pálẹ́ẹ̀tì ga sí i díẹ̀."

Ìyá Ìṣó bi í pé báwo ni díẹ̀ ṣe tó. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n náà sára ògiri, ó pe àwọn yòókù wá wò ó, wọ́n sì fa pákó tuntun sórí tábìlì.