Ìkìlọ̀ Pupa Tó Jábọ́ Lójú Ẹ̀rọ

Ọdún tí mo kọ ètò àkọsílẹ̀ aláìsàn fún ọsibítù aládàáni kan nílùú Jos, ọdún náà ni ìyá mi dẹ́kun ìwé kíkà. Inú gbólóhùn kan náà ni mo máa ń sọ méjèèjì, nítorí pé tí mo bá yà wọ́n sọ́tọ̀, á dà bí ẹni pé n kò mọ̀ pé ọ̀kan ló bí èkejì.

Olùkọ́ ni ìyá mi. Òun àti bàbá mi wá láti Èkìtì nígbà tí wọ́n ń kó àwọn olùkọ́ wá sí Plateau lẹ́yìn òmìnira. Wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́. Àdúgbò Anglo Jos ni wọ́n bí gbogbo wa sí, ibẹ̀ náà ni bàbá mi kú sí. Hausa ni àwa ọmọ ń sọ níta. Òun la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà. Inú ìyá mi ò dùn sí i. Tó bá di ọ̀sán Sátidé, á kó wa jókòó sí pálọ̀, á máa pe ọ̀rọ̀ Yorùbá fún wa ká máa kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé àmì á tún un kọ nígbà ogún. "Ọ̀rọ̀ tí kò lámì," ni yóò wí, "ẹni tó wọ bàtà sí ẹsẹ̀ kan ni. Á rìn o, àmọ́ ẹ wo bó ṣe ń rìn." Èyí tó bá dára nínú Yorùbá mi, tirẹ̀ ni. Èyí tó kù, ti àdúgbò ni.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo kọ́. Ọsibítù tí mò ń wí yìí ní àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ mélòó kan tí ẹnì kan fi ta wọ́n lọ́rẹ. Wọn ò lágbára láti gbé àwọn ètò aláwòrán tí gbogbo ayé ń lò. Ọ̀gá ẹ̀ka wa fẹ́ kó wọn dànù. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Mo fi Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí kì í gba agbára púpọ̀, sí wọn nínú, mo sì ní màá kọ ètò tí kò ní lò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ: ojú dúdú, lẹ́tà funfun, kò sí àwòrán. Tẹ́mínà ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ náà ń pe irú ojú bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ṣe é rí lè rò pé kò sí wàhálà nínú kíkọ ọ̀rọ̀ sójú tẹ́mínà. Wàhálà wà níbẹ̀. Tẹ́mínà ò mọ̀ ju kó máa tẹ lẹ́tà tẹ̀léra lọ. Tí o bá fẹ́ kí orúkọ wà lápá òsì, kí ọjọ́ orí wà láàárín, kí ọ̀rọ̀ pupa wà lápá ọ̀tún, àwọn àṣẹ kan wà tí wàá máa rán sí i, irú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀. Àwọn tó ṣáájú wa nínú iṣẹ́ yìí ti kọ láíbìrì kan tipẹ́tipẹ́, ìyẹn àkójọ àṣẹ tí ètò mìíràn lè yá lò, tó gbé ẹrù yẹn kúrò lórí ẹni. Ó pín ojú ẹ̀rọ sí ìlà àti òpó, bí ìwé onígun mẹ́rin mẹ́rin tí a fi ń ṣe ìṣirò nílé ìwé. Ìwọ á ní kó lọ sí ìlà báyìí, òpó báyìí, kó kọ nǹkan báyìí. Òun á ṣètò ìyókù, á sì máa rántí ohun tó wà nínú onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí mo bá ń fi í ṣiṣẹ́, ó máa ń dà bí ẹni pé ọlọ́gbọ́n kan jókòó tì mí.

Bí ètò mi ṣe rí nìyí: aláìsàn kan, ìlà kan. Orúkọ, ọjọ́ orí, nọ́ńbà káàdì, ohun tó ń ṣe é. Ní ìparí ìlà, lápá ọ̀tún pátápátá, mo fi ìkìlọ̀ sí i, pẹ̀lú àwọ̀ pupa, fún ẹni tí oògùn kan kò bá ara rẹ̀ mu. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí tábìlì iwájú ló kọ́kọ́ mọ ètò náà lò. Ọmọ abúlé Gyel nítòsí Jos ni, ẹ̀yà Berom, ọ̀dọ́bìnrin tí kì í pariwo. Láàárín ọjọ́ méjì ó ti ń kọ́ àwọn tó kù.

Ìyá mi náà wá gba káàdì. Mo tẹ orúkọ rẹ̀ láìfi àmì sí i, bí mo ṣe ń tẹ ti gbogbo ènìyàn. Mo tẹ ìkìlọ̀ rẹ̀ náà: oògùn tó bá ní súfà nínú kò bá a lára mu, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó ti awò rẹ̀ sókè, ó wo ojú ẹ̀rọ.

"Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, Màámi."

"Èmi kọ́. N kò mọ ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀ yìí."

Ojú tì mí bí ìgbà tí mo wà ní pálọ̀ Sátidé. Mo tún orúkọ náà tẹ̀, mo fi gbogbo àmì sí i, ó wá di jágbajàgba lójú ẹ̀rọ. Irú láíbìrì tí mo lò, irú ti àtijọ́ ni: báìtì kan, ìyẹn ẹyọ tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, lẹ́tà kan ni lójú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀ kan ṣoṣo tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì lórí lè gba báìtì márùn-ún. Mo wá a títí mo fi rí ààyè kan tí mo ti lè sọ fún un pé kó jẹ́ kí gbogbo báìtì náà kọjá bí wọ́n ṣe wà. Orúkọ ìyá mi sì yọ jáde, gbogbo àmì pé. Inú rẹ̀ dùn, ó ní kí nọ́ọ̀sì wá wò ó. Ìyẹn gbìyànjú láti pè é, ó kùnà, ó rẹ́rìn-ín. "Mama, sunanki da wuya!" Ìyá mi ní kò le rárá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, ní sílébù sílébù, níwájú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ mo rí i pé ìlà ìyá mi ò gún. Ọjọ́ orí rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ti sún sí apá òsì, wọn ò sí lábẹ́ ti àwọn yòókù. Ojú mi ò dé ìparí ìlà. Mo mọ ohun tó fà á: láíbìrì rò pé orúkọ náà gùn ju bó ṣe gùn lójú lọ. Mo lọ bá ọ̀gá. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí ètò náà, ẹni ńlá kan sì ń bọ̀ wá gé rìbọ́nì.

"Sà, láíbìrì mìíràn wà tó mọ ìyàtọ̀ láàárín báìtì àti lẹ́tà. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n gbé ètò náà lọ sórí rẹ̀."

"Kí ló ń ṣe èyí tó wà nílẹ̀?"

"Orúkọ tó bá lámì ń da ìlà rú."

"Èèyàn mélòó ló ní àmì?"

"Ẹnì kan ni, ní báyìí."

"Haba, Anti! Torí ẹnì kan? Yọ àmì náà kúrò."

N kò yọ ọ́. N kò sì bá a jà pé kí wọ́n sún ọjọ́ ìṣílé síwájú. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ẹwà lásán ni, pé ìlà tó wọ́ kì í pa ènìyàn.

Ọjọ́ ìṣílé gan-an ni ara ìyá mi gbóná, tí ìtọ̀ ń ta á. Ìyá kan ládùúgbò ló fi kẹ̀kẹ́ gbé e wá. Wọ́n wá sọ fún mi nínú yàrá kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá dúró lórí mi, ó ní òun fẹ́ kí orúkọ ọsibítù wà lókè ojú ẹ̀rọ pẹ̀lú àwọ̀ ewé kí àlejò tó dé. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí Màámi rí dókítà, pé mò ń bọ̀. Àwọ̀ ewé ni mò ń ṣe. Dókítà tuntun kan béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bóyá oògùn kan wà tí obìnrin yìí kì í lò. Nọ́ọ̀sì wo ìlà rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, kò sí pupa kankan níbẹ̀. Ó tún bi ìyá mi fúnra rẹ̀. Ibà ti mú un débi pé ohunkóhun tí wọ́n bá bi í, orí ló ń mì pé rárá.

Nígbà tí mo fi jáde, àtẹ́wọ́ ti parí, wọ́n sì ti gbé ìyá mi lọ sílé pẹ̀lú oògùn nínú àpòòwé funfun kékeré. Iye tó máa lò nìkan ni wọ́n kọ sára rẹ̀, orúkọ oògùn ò sí níbẹ̀. Èmi ni mo bu omi fún un tó fi gbé èyí tó tẹ̀lé e mì.

Ní ọjọ́ kẹta ètè rẹ̀ là, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ti ẹni tí omi gbígbóná dà lé lórí. A gbé e lọ sí ọsibítù tó tóbi ju tiwa lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún wa pé súfà wà nínú oògùn náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló lò níbẹ̀. Awọ ara padà bọ̀ sípò. Ojú ò padà. Ìmọ́lẹ̀ ló kù tó ń rí, àti òjìji ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀.

Wọ́n pe ìpàdé. Nọ́ọ̀sì ní òun wo ẹ̀rọ, òun ò rí ìkìlọ̀. Wọ́n ní ìkìlọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ó wà níbẹ̀ kedere. Ó ní láti jẹ́ pé kò wò ó. Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ kì í purọ́. Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Nínú ọkàn mi mo ti ń fura, àmọ́ n kò tíì dán an wò. Àbí ká sọ òótọ́: ẹ̀rù bà mí láti dán an wò. Mo tẹjú mọ́ tábìlì. Wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó sídìí tábìlì iwájú, mo tẹ orúkọ ìyá mi láìsí àmì. Ìkìlọ̀ pupa yọ. Mo fi àmì sí i. Ìkìlọ̀ lọ. Bí láíbìrì ṣe ń ka báìtì ní lẹ́tà, ó rò pé ìlà ti dé etí ojú ẹ̀rọ kí ìkìlọ̀ tó kàn, ló bá gbé ìkìlọ̀ sí ìlà ìsàlẹ̀. Ìlà aláìsàn tó tẹ̀lé e ni wọ́n wá kọ lé e lórí. Mo fi han ọ̀gá.

"Tún un ṣe," ni ó wí. "Má sì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti kọjá."

Ọ̀sán méjì péré ni mo fi gbé ètò náà lọ sórí láíbìrì kejì. Ọ̀sán méjì.

Mo lọ sí Gyel. Nínú oko dankali, ìyẹn ọ̀dùnkún, tí ìdílé wọn ń dá ni mo ti bá nọ́ọ̀sì, ó ń kọ ebè. Hausa la sọ.

"Mama ńkọ́?" ló kọ́kọ́ béèrè.

Mo sọ ti ojú fún un. Lẹ́yìn náà mo sọ ti ètò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ ti ilẹ̀.

"Lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, ṣé ẹ ti mọ̀?"

"N kò tíì mọ̀ dájú."

"Àmọ́ ẹ fura."

"Mo fura."

Ó mi orí. Ó ní kí n bá òun kí Mama. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, èmi náà sì dúró síbẹ̀ títí ó fi yé mi pé kò ní nǹkan mìíràn bá mi sọ.

Ìyá mi ni mo sọ ọ́ fún gbẹ̀yìn. Inú oòrùn àárọ̀ ló jókòó sí, lẹ́nu ọ̀nà. Mo rò pé ti ojú ni yóò dùn ún jù. Ó gbọ́ mi parí.

"Ùwọ ọmọ yí," ó ní, "o jókòó síbẹ̀, wọ́n ń lé ọmọ ọlọ́mọ?"

Odidi ọ̀sẹ̀ ni kò bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ọsibítù, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Wọ́n dáhùn pé àwọn ti rí i gbà, pé ọ̀rọ̀ náà ti parí lọ́dọ̀ àwọn. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ti sọ òótọ́ fún wọn, ó béèrè bóyá wọ́n ti pe ọmọbìnrin náà padà. Mo ní rárá.

"Ó pẹ́ jù," ni ìyá mi wí, ó sì na ọwọ́ kí n fà á dìde wọlé, nítorí oòrùn ti ń ta á lójú.