Òpó Màríà Tó Pọn Ọmọ

Mo rántí òórùn igi apá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayùn gé, bó ṣe gba gbogbo ọgbà ìjọ Àgùdà wa ní Ìlá lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan tí mò ń ti ilé-ìwé tí mo ti ń ṣe tíṣà bọ̀. Kí n tó rí ohunkóhun ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí sáré.

Bàbá mi, tó jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, ló gbẹ́ òpó méjì tó wà níwájú ilé ìjọsìn wa àtijọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ògiri ilé náà nípọn débi pé ènìyàn lè jókòó sójú fèrèsé rẹ̀. Òkè fèrèsé náà tẹ̀ kọrọdọ bí ọrun, òkúta tí àwọn obìnrin ìjọ fi orí rù wá láti ọ̀nà Ọ̀rà ni wọ́n sì fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí oòrùn bá ń ta lóde, inú ibẹ̀ á tutù bí abẹ́ igi. Òpó ọwọ́ ọ̀tún ni Jósẹ́fù tó gbé àáké kọ́ èjìká. Ti ọwọ́ òsì ni Màríà, tó wé gèlè, tó ró ìró, tó pọn Jésù sẹ́yìn. Bàbá mi ní fada òyìnbó ìgbà náà ló bi òun pé báwo ni ìyá ṣe ń gbé ọmọ nílùú yìí, òun sì dá a lóhùn pé ẹ̀yìn ni.

Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo rò pé kò sí ohun tí mi ò mọ̀ mọ́. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Mo ní àfẹ́sọ́nà, mo sì ti rí ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Òṣogbo tí ilẹ̀ rẹ̀ ń dán bíi dígí. Irú ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n ti so wá pọ̀, kí fọ́tò èmi ìyàwó lè dára.

Nígbà náà ni ọ̀gá kan tó fẹ̀yìntì wálé láti Àbújá di alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Ó pe ìpàdé lẹ́yìn Mísà, ó ní wọn yóò wó iwájú ilé náà, wọn yóò sì tún un kọ́ ní ti ìgbàlódé.

"Àwọn ère yìí gan-an ló ń bà wá lórúkọ jẹ́," ó wí. "Àwọn ìjọ yòókù ń sọ pé òrìṣà là ń bọ."

Bàbá mi dìde, ó ṣí fìlà. "Ọ̀gá, ìyá tó pọn ọmọ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò bọ ọ́ rí. Bí ẹ bá fẹ́ wó ilé, ẹ wó o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ òpó náà lódindi."

"Baba, a ti gbọ́." Alága yíjú sí mi. "Tíṣà, kí lẹ̀yin ọ̀dọ́ wí?"

Bàbá mi ń wò mí. Àwọn àgbà ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Èmi fi tọ̀tún-tòsì júwe tèmi.

"Ẹ jẹ́ ká bá ìgbà mu, sà," ni mo wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, wọ́n ti gé òpó méjèèjì lulẹ̀, wọ́n sì ti gé Màríà sí mẹ́ta. Àwọn bíríkìlà da àárín rẹ̀ dé sílẹ̀, wọ́n ń gun ẹ̀yìn rẹ̀ to búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ńtì ti bo orí ọmọ náà. Inú bí mi. Mo já ṣọ́bìrì gbà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn, mo sọ ọ́ nù.

"Ta ló ní kí ẹ gé e? Ṣé bàbá mi ò bẹ̀ yín ni?"

Alága jáde láti abẹ́ igi máńgòrò. "Rọra, tíṣà. Ṣebí ìwọ náà lo ní ká bá ìgbà mu?"

Àwọn bíríkìlà bú sẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí bàbá mi fi dé, ó ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù kan wá. Ó bu omi sórí ọmọ náà kí sìmẹ́ńtì tó le, ó fi fìlà rẹ̀ nù ún títí ojú rẹ̀ fi hàn. A jọ kó igi náà sínú kẹ̀kẹ́. Lójú ọ̀nà, mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú."

Ó ní, "Tì í dáadáa. Òkè la ń gùn."

Kò gbẹ́ ère mọ́ láyé rẹ̀. Àga àti pósí ló ń kàn. Nígbà tí ìyá alága kú, alága wá bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ pósí, bàbá mi sì kan án, ó fi pákó tó dára jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ṣe é, ó fi ọ̀dà kùn ún títí ó fi ń dán. Mo bínú sí bàbá mi náà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Ẹni tó gé òpó yín!"

"Ìyá rẹ̀ kọ́ ló gé e," ó wí. "Ìyá yẹn ru òkúta sí ilé yẹn."

Inú ilé ìjọsìn tí wọ́n tún kọ́ náà ni mo ti ṣe ìgbéyàwó. Síìlìn róbà funfun, ilẹ̀ táìlì, páànù tó ń hó bí òjò bá ti ń rọ̀, tí a kì í gbọ́ ìwàásù fada mọ́. Nínú fọ́tò mi, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá Ìlá la wà ni tàbí inú báǹkì.

Bàbá mi ti kú báyìí. Mo ṣì ń lọ sí Mísà níbẹ̀, torí ìjọ mi ni, inú sì máa ń bí mi láti ẹnu ọ̀nà. Alága ti darúgbó, iwájú mi ló máa ń jókòó. Bí fada bá ti ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, ó máa ń yíjú padà, á na ọwọ́ sí mi. Mo máa ń kúnlẹ̀ díẹ̀, màá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò wo ojú mi rí. Èmi náà kì í wo tirẹ̀.