Wọ́n Fẹ́ Torí Ẹ̀rí Tí Mo Jẹ́ Gún Mi Lábẹ́rẹ́

Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín kí inú mi tó bẹ́! Ní Sátidé tó kọjá, nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Mahuta lókè Ọya níhìn-ín, ó ku díẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ràn mi pa mí.

Ẹ mọ̀ pé lọ́dún tó kọjá, àbúrò mi fún mi ní kíndìnrín kan. Oògùn tí mò ń lò kí ara mi má baà kọ kíndìnrín náà ló sọ àwọn ọmọ ogun ara mi di ọ̀lẹ. Dókítà kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, torí pé kòkòrò inú rẹ̀ ò kú, wọ́n kàn sọ agbára rẹ̀ di yẹpẹrẹ ni. Ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún mi.

Ẹgbẹ́ obìnrin wa fẹ́ lọ sí àpéjọ ní Ghana, wọn kì í sì í jẹ́ kéèyàn wọ ibẹ̀ láìgba abẹ́rẹ́ yìí. Mọ́mì Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa wá pe nọ́ọ̀sì kan kó wá gún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fún Mọ́mì ní lẹ́tà. Ẹ̀ṣẹ̀ kìíní: kò kà á! Ó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀.

"Sister, ṣebí ìwọ lo jẹ́rìí lóṣù tó kọjá pé Ọlọ́run ti wò ẹ́ sàn pátápátá? A jó, a yọ̀! Ara wo ni ò tún lágbára mọ́?"

Mo ní mo ṣì ń lo oògùn. Ó ní kí n má fẹnu ara mi ba ẹ̀rí mi jẹ́. Ẹ̀ṣẹ̀ kejì nìyẹn!

Ẹnì kan wá pariwo látẹ̀yìn: "Abẹ́rẹ́ ló ń bà á lẹ́rù! Oní-dígírì méjì!" Ẹ̀rín sọ. Ìyá Ìbejì, tó ń gbé àpò ìrẹsì bí ẹni gbé fìlà, di ọwọ́ mi mú. "Àǹtí mi, ẹ dijú, kò ní pẹ́." Ẹlòmíì ti ń ká apá aṣọ mi sókè, ó sì ń gbàdúrà! Ta ni mo fẹ́ bá jà?

"Hajiya, don Allah, ẹ jọ̀ọ́!" Mo figbe ta sí nọ́ọ̀sì, mo sì fi ẹnu júwe lẹ́tà tí Mọ́mì sọ di abẹ̀bẹ̀.

Nọ́ọ̀sì gba lẹ́tà, ó kà á, ó yára dá abẹ́rẹ́ padà sínú kúlà. "Haba!" Ó ní bí òun bá gún mi, ó lè jẹ́ pé ibà yẹn gan-an lòun fi sí mi lára.

Mọ́mì ṣì takú: ara mi yá àbí kò yá? Nọ́ọ̀sì ní ó yá, oògùn ló sì ń ṣọ́ ọ. Ìyá Ìbejì jọ̀wọ́ ọwọ́ mi, ó ní "Ẹ pẹ̀lẹ́ o," bí ẹni pé òun kọ́ ló fẹ́ ṣẹ́ mi léegun.

Nọ́ọ̀sì tún kìlọ̀ fún mi pé lẹ́tà lè gbà mí kọjá ní bọ́dà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń gbé ibà náà kiri ò mọ̀wé kà. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà. Ó ní kí n má lọ lọ́tẹ̀ yìí. Inú bí mi, àmọ́ mo jókòó sílé.

Kí n má purọ́, ẹ̀ṣẹ̀ kẹta tèmi ni. Lọ́jọ́ ìjẹ́rìí, mo fo ti oògùn dá, kí halelúyà má baà rọlẹ̀. Ẹ̀yin tí ara yín ò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, ẹ sọ ọ̀rọ̀ yín tán! Bí ẹ bá sì ń rìnrìn àjò, ẹni tó di abẹ́rẹ́ mú ni kẹ́ ẹ fún ní lẹ́tà dókítà, kì í ṣe akọ̀wé.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti fìfẹ́ dì mú báyìí rí? Ẹ wá sọ tiyín, kó má jẹ́ èmi nìkan ni wọ́n fẹ́ gún!